Kẹ́ẹ̀gì Epo Kan láti Ajue dé Fúráíbọ̀gì

Ẹ̀yin ará Ajue, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń gbé epo kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Ore, mo ti dé o. Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ìyá Yéwándé, ṣé àwọn òyìnbó fẹ́ràn epo wa?" Èmi náà ń sọ pé ẹ jẹ́ kí n sinmi ná. Kì í ṣe pé mo ń gbéra ga. Ó rẹ̀ mí ni. Ó rẹ̀ mí wọnú egungun, ìbéèrè yín ò sì ṣeé fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Ẹ fìdí kalẹ̀, kí n rò ó bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má tún dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ẹ̀ mọ́.

Ẹ mọ̀ pé Yéwándé, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ló ránṣẹ́ pè mí pé ìkúnlẹ̀ òun ti súnmọ́. Ẹ sì mọ ohun tí mo gbé dání lọ. Kẹ́ẹ̀gì epo kan ni, epo tí a fi ọwọ́ ṣe ní ẹbu, ibi ìfúnpo wa, tí mo dúró tì lójú iná títí mo fi rẹ́ ẹ. Kì í ṣe epo ọbẹ̀. Epo ìsọmọlórúkọ ni. Epo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ìyá mi lórúkọ, ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tèmi, èmi fúnra mi ni mo sì fi kan Yéwándé lẹ́nu. Mo ti pinnu pé ọmọ ọmọ mi kò ní jẹ́ orúkọ kankan kí epo Ajue tó kàn án lẹ́nu, ì báà ṣe òpin ayé ni wọ́n bí i sí. Ohun tí mo torí ẹ̀ rìn nìyẹn. Ìyókù, ìran wíwò ni.

Ọ̀nà

Ọ̀kadà ló gbé mi láti Ajue dé Ore. Kẹ́ẹ̀gì wà láàárín èmi àti ọlọ́kadà, mo sì dì í mú gírígírí. Ṣé ẹ mọ apá ibi tí wọ́n ti gé igbó yẹn, tí ilé-iṣẹ́ kan gbin ọ̀pẹ àgíríìkì sí lọ bẹẹrẹbẹ, ní ìlà ní ìlà, tí èèyàn ò rí igi mìíràn níbẹ̀ mọ́? Ibẹ̀ la gbà kọjá. Mi ò tilẹ̀ yíjú wò ó. Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ kì í jọ ọ́ lójú mọ́. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Ní gáréèjì Ore, Àlájì tó ń kó èrò Èkó ní kí n gbé kẹ́ẹ̀gì sí búùtù. Mo ní mi ò gbọ́.

"Ìyá, ṣé góòlù ló wà nínú ẹ̀ ni?"

"Ó ju góòlù lọ, Àlájì. Ọmọ ọmọ mi ni yóò fi jẹ́ orúkọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bá mi wá àyè sí abẹ́ ìjókòó, ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ bá ayọ̀ níbẹ̀, Ìyá." Mo ṣe àmín, mo gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì lé kẹ́ẹ̀gì lórí, a lọ. Mi ò ní sọ ti bàálù. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá tíì wọ̀ ọ́, kó máa fi orúnkún rẹ̀ ṣọpẹ́.

Ìlú tí gọ́tà rẹ̀ mọ́

Fúráíbọ̀gì ni orúkọ ìlú náà, ní ilẹ̀ Jámánì. Òtútù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀, kí ọmọ mi tó kí mi. Yéwándé dúró pẹ̀lú ikùn rẹ̀ ràgàjì, ọkọ rẹ̀ Jídé dúró tì í. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù pẹ̀lú oyún nínú, mo ní, "Dìde, dìde, ọmọ mi, mo ti rí i." Mo sunkún díẹ̀. Mo wá ń wo ọ̀tún wo òsì pé níbo ni ọkọ̀ tí a fẹ́ wọ̀ wà. Jídé ní, "Màámi, kò jìnnà, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn ín." Ibi tí orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìyà nìyẹn. Wọn ò fẹ́ kí èéfín ọkọ̀ ba ayé jẹ́ ní ìlú náà, ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń lò, bàbá arúgbó lórí kẹ̀kẹ́, abiyamọ lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ọmọ méjì nínú àpótí iwájú rẹ̀. Gbogbo ayé ni wọ́n ń rò, wọn ò ro ti orúnkún mi.

Ẹ gbọ́ èyí o: gọ́tà wọn mọ́. Gọ́tà ojú títì! Omi tó mọ́ lóló ló ń ṣàn nínú ẹ̀ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọdé ń fi ọkọ̀ ojú omi onígi ṣeré nínú ẹ̀. Mo dúró, mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, mo ń wò ó.

"Yéwándé, níbo ni wọ́n ń da ilẹ̀ sí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ óò rí i, Màámi."

Mo sì rí i. Garawa ilẹ̀ mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ilé, aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èèpo oúnjẹ ní tirẹ̀, bébà ní tirẹ̀, ike àti agolo ní tiwọn, èyí tí kò ní ẹbí ní tirẹ̀. Èmi tí mo ti ń dalẹ̀ láti kékeré, mo wá di ẹni tí kò mọ ilẹ̀ dà. Mo da èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú garawa bébà, obìnrin ìsàlẹ̀ ilé bá gbé e gòkè wá. Kò bínú, kò pariwo. Ó rọra fi hàn mí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, kó bú mi ì bá sàn. Tí wọ́n bá mu nǹkan tán, wọn kì í sọ ìgò nù, wọ́n á kó o padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ á gbé e mì. Aṣọ òkìríkà ńkọ́, tí àwa ń bẹ̀rẹ̀ ṣà nílẹ̀ ní Ore? Inú ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, àwọn olówó sì ń fi yangàn pé àlòkù ni àwọn wọ̀.

Ìkíni ni wọn ò ní. Mo kí gbogbo èrò inú ọkọ̀ ojú irin ìgboro wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi Ìkálẹ̀ kí wọn, mo fi Yorùbá kí wọn, mo fi gbọ̀ọ́ mọ́nì kún un. Bàbá àgbà kan ló ṣí fìlà. Àwọn yòókù ń wo fèrèsé. Ìgbà tó yá mi ò kí ẹnikẹ́ni mọ́, ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹ ò mọ bó ṣe máa ń rẹni tó tí wọn ò bá kíni.

Ṣọ́ọ̀bù Birigíìtì

Ṣọ́ọ̀bù kan ni Yéwándé ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kì í di ọjà sínú náílọ́ọ̀nù níbẹ̀ rárá. Ẹ̀wà, ìrẹsì, iyọ̀, ata gígún, gbogbo ẹ̀ wà nínú ìgò ńláńlá lára ògiri, oníbàárà á gbé ike tàbí àpò tirẹ̀ wá láti ilé, wọ́n á wọ̀n ọ́n fún un. Ọṣẹ ò ní páálí. Òróró ń bọ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ, ó ń kán tó tó tó. Birigíìtì ló ni ín, obìnrin gíga kan tí orí rẹ̀ ti funfun pátá, Yéwándé sì ń pe orúkọ mọ́ ọn lórí gàdàgbà! Mo fẹ́ gbá a lẹ́nu. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba iwájú ibẹ̀ kọjá, wọn ò tíì ṣí. Mo rí àwòrán kan lára ilẹ̀kùn, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ jó. Ìdì ẹyìn ni wọ́n yà! Ẹyìn tó pọ́n dáadáa, pẹ̀lú ẹ̀gún rẹ̀, ìlà pupa kan wá gba orí ẹ̀ kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo ní, áà, epo tó ń ṣàn ni wọ́n fi ìlà pupa yìí yà. Wọ́n ń ta epo níbí! Ọmọ mi rí ibi tó dára ṣiṣẹ́ sí.

Ẹ sì mọ̀ wá: a kì í mú ọwọ́ òfìfo lọ kí ẹni tí ọmọ ẹni ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo yọ epo díẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, mo rọ ọ́ sínú ìgò tó rẹwà, mo fi gèlè kékeré wé e lọ́rùn, mo tọ Yéwándé lọ síbi iṣẹ́ láìsọ fún un. Ṣọ́ọ̀bù kún. Mo wọlé, mo kí wọn, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò náà fún Birigíìtì.

Obìnrin kan tó ń bu ẹ̀wà gbàgbé láti ti ẹnu ìgò, ẹ̀wà ń dà sílẹ̀. Birigíìtì gba epo náà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó dì í mú bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ sí mi, ọ̀rọ̀ gígùn, ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo wo Yéwándé.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ ṣeun, Màámi."

Ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣeun péré ló dà. Mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ìgbà tí a dé ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tó mọ́ yẹn lójú ọ̀nà ilé ni Yéwándé tó dúró. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní ìlà pupa yẹn túmọ̀ sí pé a ò fẹ́ ẹ níbí. Pé nítorí epo ni wọ́n ṣe ń pa igbó run káàkiri ayé, tí ẹranko ń kú, àti pé kò sí ohun tí epo wà nínú rẹ̀ tí Birigíìtì ń tà, títí kan ọṣẹ àti bisikíìtì.

"Ṣé o ò sọ fún un pé epo ni ìyá ẹ ń ṣe ni?"

Ó wolẹ̀. "Mo sọ fún wọn pé àgbẹ̀ kòkó ni yín."

Kòkó! Ẹ̀yin ará Ajue, ta ni kò mọ̀ pé mi ò ní igi kòkó kan ṣoṣo láyé yìí? Inú bí mi.

"Yéwándé, kí ni mo fi rán ẹ nílé ìwé?"

"Epo ni, Màámi."

"Ta ni mo gé igbó rẹ̀? Ọ̀pẹ tèmi, ta ló gbìn ín? Ṣé kì í ṣe ẹyẹ àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló gbìn ín sáàárín igbó, tí bàbá ẹ ń gùn ún títí ó fi kú?"

"Mo mọ̀, Màámi. Àwọn ni ò mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Ó ti rẹ̀ mí!" Ó pariwo rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń ṣeré wò wá. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí, Màámi. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣàlàyé ara mi níbí. Ibi tí mo ti wá. Irun mi. Orúkọ mi. Ẹ jẹ́ kí eléyìí kọjá. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù ló ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má gbé epo síta."

Mo ní, "Yéwándé, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ."

Ó nu ojú rẹ̀. "Màámi, ilé tí mò ń gbé nìyí."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi láyà. Nígbà tí a délé, mo gbé kẹ́ẹ̀gì sínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ìgbálẹ̀, mo pa ilẹ̀kùn dé. Òtútù mú epo náà, ó dì gbagidi.

Ilé oúnjẹ tí kò ní ẹran

Birigíìtì ò bá mi jà o. Ó pe èmi àti Yéwándé lọ jẹun ní ilé oúnjẹ kan tí gbogbo ohun tí wọ́n ń sè ti wá láti oko tó wà nítòsí ìlú. Wọn kì í se ẹran. Wọn kì í se ẹja. Ẹ̀wà kan báyìí tí wọ́n lọ̀, ewé tútù, àti nǹkan pupa kan bí iṣu tó ń dùn bíi ṣúgà. Kò sí ata. Mo fi omi sìn ín lọ. Àwọn tí kò lè jẹ tiwọn tán yọ abọ́ tí wọ́n mú wá láti ilé, wọ́n bu ìyókù sí i. Ìyẹn dára lójú mi, oúnjẹ ò yẹ ní dídànù.

Birigíìtì wá yọ fóònù, ó fi àwòrán kan hàn mí. Kò fi ìkà ṣe é, ó kàn fẹ́ kí ó yé mi ni. Igbó tí wọ́n ti gé ni, ilẹ̀ pupa ràbàtà, ọ̀pẹ kéékèèké ní ìlà ní ìlà dé ibi tí ojú kò tó. Ó ní ìlú kan lọ́nà jíjìn lápá ìlà oòrùn ni. Ṣùgbọ́n èmi mọ ibẹ̀. Ọ̀nà Ore ni mo ń wò. Ibi tí mo gbà kọjá lórí ọ̀kadà tí mi ò yíjú wò ni. Mo rántí pé nígbà tí mo wà lọ́mọge, a máa ń gbọ́ igbe ọ̀bọ níbẹ̀. Ìgbà wo ni mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn? Mi ò lè sọ.

Ẹnu mi ṣí wàyí. Mo ní, "Yéwándé, bá mi sọ fún un. Sọ fún un pé mo mọ ibi tó rí bẹ́ẹ̀, nílé wa ni. Pé kò parọ́. Pé ó dun èmi náà, àṣé ó ń dùn mí tí mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n sọ fún un pé kì í ṣe ibẹ̀ ni epo mi ti wá. Sọ ti bàbá ẹ fún un, àti igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ."

Yéwándé gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó kọjú sí Birigíìtì, ó sọ gbólóhùn kúkúrú kan. Birigíìtì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ kan ọwọ́ mi.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní oúnjẹ náà dùn mọ́ yín."

Orúkọ

Ọlọ́run ṣeun, Yéwándé bí tibi tire, obìnrin. Nígbà tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé, palọ̀ kún. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ àlòkù wọn tó dáa. Birigíìtì gun kẹ̀kẹ́ wá, ó bọ́ akoto orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì gbé ìgò tí mo fún un kalẹ̀ níwájú mi. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Òfìfo ni. Nǹkan kan tí ó fi bébà ìròyìn àtijọ́ wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Mo kọjú sí Yéwándé, mo ní, "Níbo ló da epo mi sí?"

Yéwándé bi í. Èsì rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ọmọ mi túmọ̀ gbogbo ẹ̀. "Ó ní òun ò lè jẹ ẹ́, ọkàn òun ò gbà á. Ṣùgbọ́n òun ò lè dà á nù náà, nítorí òun rí i pé ẹnìkan ṣe làálàá lórí ẹ̀. Ó wá fi se ọṣẹ. Kẹ́ ẹ máa fi wẹ ọmọ."

Mo ṣí bébà náà. Ọṣẹ ni lóòótọ́, àwọ̀ rẹ̀ rí bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Ṣé kí n bínú ni, àbí kí n dúpẹ́? Títí di òní mi ò tíì mọ̀. Mo dúpẹ́.

Èmi ni mo dàgbà jù níbẹ̀, èmi ni mo gbé ọmọ. Mo fi omi kan án lẹ́nu, mo ṣàdúrà. Mo fi oyin kan án. Ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀ síbi tó yẹ kí epo wà nínú àwo, kò bá nǹkankan. Mo dúró. Jídé ń wo òkè àjà. Yéwándé tẹ orí ba. Mo mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀, mo kọjá sórí iyọ̀, mo sọ ọmọ ní Morẹ́nikẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ò sí níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n ń tú ká, Jídé sìn wọ́n lọ sísàlẹ̀. Mo wọ kíṣìnnì, mo sọ iṣu tí mo sè fún abiyamọ kalẹ̀. Yéwándé gbé ọmọ wọlé tọ̀ mí wá, ó jókòó, ó wo iṣu náà títí.

"Màámi, ẹ bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn."

"Kẹ́ẹ̀gì wo?" Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni.

"Epo yín, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́."

Mo gbé e jáde. Ó ti dì, mo gbé e sínú omi gbígbóná títí ó fi yọ́, òórùn ẹbu wa gba gbogbo ilé òyìnbó. Mo rọ ọ́ sórí iṣu, mo wọ́n iyọ̀ sí i. Yéwándé ò wá ṣíbí. Ọwọ́ ló fi jẹ ẹ́, ó dijú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, epo ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó wá ti ìka bọ epo, ó fi kan Morẹ́nikẹ́ lẹ́nu, ó fi Ìkálẹ̀ wa ṣàdúrà fún un, àdúrà tí mo ṣe fún òun, kò yẹ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ọmọ náà pọ́n ẹnu lá.

Níwájú èmi nìkan ṣá ni. Ṣé ó tó mi? Kò tó mi. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, ó ti rẹ̀ mí jù láti bèèrè sí i.

Aago ẹnu ọ̀nà dún. Mo yọjú wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo rí akoto. Birigíìtì ló gbàgbé ẹ̀. Mo sáré fa aṣọ ìnuwọ́, mo jù ú sí Yéwándé. "Nu ẹnu ẹ! Nu ẹnu ọmọ! Ó ti dé!"

Ó mú aṣọ náà, ó gbé e lé orí tábìlì. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn bó ṣe wà, tìyá tọmọ, ẹnu pupa yòò. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, Birigíìtì béèrè nǹkan, Yéwándé dá a lóhùn, ilẹ̀kùn padé. Ó padà wá jókòó ti iṣu rẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó béèrè ohun tó wà lẹ́nu wa."

"Kí lo wá sọ fún un?"

Ó ti òkèlè mìíràn bọ epo.

"Mo ní epo ìyá mi ni."